Bainókúlà 10x50 tí mo rà ní Pánṣẹ́kẹ́: mo ti fi wo Andromeda láti Abẹ́òkúta

₦48,000 ni mo ra bainókúlà yìí ní ìsọ̀ kan ní Pánṣẹ́kẹ́, lẹ́yìn tí ọlọ́jà ti kọ́kọ́ pè é ní ₦65,000. Awò olójú méjì ni, dúdú, ó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì kọ 10x50 sí i lára. Bọ́ọ̀lù, ẹyẹ àti ìrìn àjò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń torí ẹ̀ ra irú rẹ̀. Nítorí ojú ọ̀run lóru ni èmi ṣe rà á, ojú ọ̀run náà ni n óò sì fi ṣe ìdájọ́ rẹ̀.

Búrẹ́dì ni mò ń ṣe ní Ìdí-Abà, òru sì ni iṣẹ́ wa. Tí a bá ti po fúláwà tán, tí a gé e, tí a kó o sínú páànù, a ó máa dúró kó wú kó tó wọ ààrò. Àsìkò yẹn ni mo máa ń bọ́ síta. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ojú lásán wo ìràwọ̀ nínú ọgbà wa, pàápàá tí NEPA bá ti mú iná lọ, tí àwọn aládùúgbò sì ti pa jẹnẹrétọ̀ wọn. Ohun tó ń wù mí jù láti rí ni agbo ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Andromeda. Mo ti kà nípa rẹ̀ kà nípa rẹ̀, mo mọ ibi tó wà, àmọ́ bàìbàì ni ojú lásán ń rí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀. Agbo ìràwọ̀, ìyẹn gálásì, ni ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀ pẹ̀lú gáàsì àti eruku tí òòfà ara wọn, ìyẹn gravity, so pọ̀ sójú kan. Oòrùn wa yìí wà nínú ọ̀kan, Milky Way ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ á fi nǹkan bí 100,000 ọdún rìn láti etí rẹ̀ kan dé ìkejì. Andromeda dá dúró lọ́tọ̀. Òun ni agbo ńlá tó sún mọ́ wa jù, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rìn fún nǹkan bí 2.5 mílíọ̀nù ọdún kó tó dé Abẹ́òkúta. Àwọn méjèèjì ló ní apá tó ń lọ́ yí àárín wọn ká, àwọn méjèèjì ló sì gba agbo mìíràn mọ́ra kí wọ́n tó di ohun tí wọ́n jẹ́ lónìí. Ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ yìí ló gbà mí lọ́kàn jù. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá awò tí owó rẹ̀ kò ju agbára oníbúrẹ́dì lọ lè fi àmì rẹ̀ han ènìyàn. Ó lè fi hàn. Màá dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjà ló ṣíwájú. 10 tó wà lára rẹ̀ túmọ̀ sí pé ó ń mú nǹkan sún mọ́ ni ní ìlọ́po mẹ́wàá. 50 ni ìbú gíláàsì iwájú rẹ̀ ní mìlímítà, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ wo òru, torí gíláàsì tó fẹ̀ ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ẹ pín 50 sí ọ̀nà 10, ẹ ó rí 5. Mìlímítà 5 ni fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ẹ̀yìn awò náà jáde wọ ojú, ó sì bá bí ẹyinjú àgbàlagbà ṣe ń ṣí sílẹ̀ nínú òkùnkùn mu. Àwọn kéékèèké 8x21 tí wọ́n ń gbé kiri láàárín ọkọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn kan tún wà tí wọ́n kọ 30x60 sí lára, tí gbogbo rẹ̀ kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ mú rúlà dání, ẹ wọn gíláàsì iwájú. Tí kò bá tó 60 mìlímítà, irọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ má dá ọlọ́jà lóhùn mọ́.

Ọmọkùnrin tó ń ta tèmi kò fẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Mọ́mì, ọjà tuntun ni, inú páálí ló ti jáde báyìí." Mo ní, "Ọkọ mi, má bínú, jẹ́ kí n gbé e dé ẹnu ọ̀nà." Ó gbà. Òpó tẹlifóònù kan wà lókè àwọn òrùlé ní òdìkejì títì, mo kọjú awò sí i. Ojú méjèèjì ni mo kọ́kọ́ fi wò ó. Òpó méjì ló yọ sí mi, ọ̀kan fẹ́ gun orí ìkejì. Èyí túmọ̀ sí pé gíláàsì inú rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò ní àyè. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ojú yín ni kò tíì mọ́ ọn lára. Ẹ̀fọ́rí ni irú awò bẹ́ẹ̀ ń fà. Mo gbé e padà sórí tábìlì, ọmọ náà sì gbé òmíràn wá láìjiyàn. Òmíràn yìí ni mo rà.

Mo yẹ nǹkan méjì mìíràn wò níbẹ̀, mo sì bẹ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà á kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé awò náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ́ sí gíláàsì iwájú. Tó bá ń tàn pupa fòò, kì í ṣe ti òru, torí ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó wọlé ló ń dá padà síta. Tèmi ń tàn àwọ̀ ewé, pẹ̀lú elésè àlùkò díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run níbi tí kò sí oòrùn, kí ẹ gbé e jìnnà sójú ní ìwọ̀n apá kan. Ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ róbótó kékeré nínú gíláàsì ẹ̀yìn. Kó rí róbótó ni a fẹ́. Tí etí rẹ̀ bá ṣókùnkùn tó fẹ́ di onígun mẹ́rin, gíláàsì inú rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Tèmi rí róbótó lójú òsì. Ti ọ̀tún ní òjìji tín-ín-rín kan létí, èyí ni mo sì fi já ₦7,000 tó kẹ́yìn kúrò nínú owó rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wo oòrùn láé, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú á fọ́.

Ó kù ká dé ọ̀dọ̀ Andromeda.

Ìparí oṣù kẹwàá títí dé ìparí oṣù kọkànlá ló dára jù níbí. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà náà, ọyẹ́ kò sì tíì gbé eruku rẹ̀ dé. Láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá alẹ́, ẹ kọjú sí àríwá. Ẹ ó rí ìràwọ̀ márùn-ún tó tò bíi lẹ́tà M. Cassiopeia nìyẹn. Nínú àwòrán tí àwọn ará Yúróòpù ń yà, W ni wọ́n sábà máa ń pè é. Níbi tí àwa wà, nígbà tó bá ga, M ló ń jẹ́ ní gbogbo ìgbà, torí nígbà tó bá fẹ́ yí padà di W, ó ti wọ̀ lọ sábẹ́ ilẹ̀. M yẹn ní orí méjì. Orí ti apá òsì ló mú jù. Ẹ gbéra láti ṣóńṣó rẹ̀, kí ẹ máa gòkè lọ tààrà. Ẹ na apá yín, ẹ di ẹ̀ṣẹ́. Ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ́ kan àtààbọ̀ sókè ṣóńṣó yẹn ni Andromeda wà. Àwa tí a ń jí lóru lè rí i ní oṣù kẹjọ náà, ní bí aago mẹ́rin ìdájí, tí ìkùukùu bá fún wa láyè.

Ẹ má retí irú àwòrán aláràbarà tó ń jáde lórí fóònù. Àwọn awò-awọ̀nàjíjìn ńlá ló yà á, wọ́n sì fi àkókò gígùn kó ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ. Nínú awò yìí, ìmọ́lẹ̀ funfun gígùn kan ni ẹ ó rí, tó dà gẹ̀rẹ̀, tí àárín rẹ̀ mọ́ tí etí rẹ̀ sì ń pòórá díẹ̀díẹ̀ títí ẹ kò fi ní mọ ibi tó parí sí. Kò ní àwọ̀. Apá tó ń lọ́ kò hàn. Ẹni tó bá ta irú awò yìí fún yín tó ní ẹ ó rí apá gálásì, owó yín ló ń wá. Síbẹ̀, nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ ojú mi, mo mí kanlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú mi lóru yẹn ti kúrò níbẹ̀ kí ẹ̀dá ènìyàn irú tiwa tó wà láyé.

Ojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ́ òkùnkùn lára. Ó ń gbà tó ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, fóònù kan ṣoṣo tí ẹnì kan bá sì tàn sí yín lójú, ẹ ó tún ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé tí wọ́n bá rí mi nídìí ògiri ẹ̀yìn, kí wọ́n má tan iná wá. Ọ̀nà kejì ni pé ká má wò ó tààrà. Ẹ gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí i pé gígùn rẹ̀ á pọ̀ sí i, torí etí ẹyinjú mọ̀ nípa òkùnkùn ju àárín rẹ̀ lọ.

Láti inú ọgbà wa ní Ìdí-Abà, nígbà tí iná bá wà ní àdúgbò, àárín rẹ̀ nìkan ló ń hàn. Tí iná bá lọ, gígùn rẹ̀ á yọ. Àmọ́ nígbà tí mo gbé e lọ sí abúlé ẹ̀gbọ́n mi lójú ọ̀nà Odẹ́dá, níbi tí kò sí gílóòbù kankan, Andromeda gùn nínú awò ju òṣùpá mẹ́ta tí a tò tẹ̀léra. Gbogbo ara rẹ̀ tí ẹ̀rọ ńlá ń rí tó òṣùpá mẹ́fà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo wá. Lókè àárín rẹ̀, níbi tí kò jìnnà tó fífẹ̀ òṣùpá kan, ìràwọ̀ kékeré kan wà tí kò mú ṣóńṣó bí ìràwọ̀ tó kù. Mo yí ibi ìyísí títí, gbogbo ìràwọ̀ tó yí i ká di ṣóńṣó, òun nìkan kò ṣe bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ṣì nípọn. Kì í ṣe ìràwọ̀. M32 ni, agbo ìràwọ̀ kékeré kan tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Andromeda.

M32 yìí ni mo fi ń sọ pé awò náà yẹ fún owó rẹ̀.

Ní 2018, Richard D'Souza àti Eric Bell, tí wọ́n wà ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde pé M32 ni ohun tó ṣẹ́kù lára agbo ńlá kan tí Andromeda fà ya tó sì gbé mì ní nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún méjì sẹ́yìn. Wọ́n ní agbo tó lọ yẹn tóbi débi pé, nínú gbogbo agbo tó wà ní sàkání wa, òun ni ìbá jẹ́ ìkẹta sí Andromeda àti Milky Way. Ìràwọ̀ tó jábọ́ lára rẹ̀ fọ́n káàkiri yí Andromeda ká. Odò ìràwọ̀ gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti rí láti 2001, ìdàpọ̀ náà sì ṣàlàyé bó ṣe dé ibẹ̀. Ní ọdún 2018 yẹn kan náà, François Hammer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé rẹ̀, wọ́n sì parí èrò sí pé ìdàpọ̀ agbo ńlá méjì ló bí Andromeda tí a ń wò yìí, àti pé kò tíì tó bílíọ̀nù ọdún mẹ́ta tó parí. Àwọn kan ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí bí M32 ṣe jẹ́. Èmi gba ti D'Souza àti Bell, torí ó ṣàlàyé odò ìràwọ̀ náà, ó sì ṣàlàyé M32 pọ̀ mọ́ ọn.

Ohun tó yẹ ká dúró lé níbẹ̀ ni apá tó ń lọ́ yẹn. Fún ìgbà pípẹ́, èrò tó gbilẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ni pé tí agbo méjì tó ní apá bá kọlu ara wọn, ìrísí wọn á bàjẹ́, wọn á di ìdì kan róbótó tí kò ní apá mọ́. Láti 1972 ni Alar Toomre àti Jüri Toomre, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ti fi kọ̀ǹpútà ìgbà náà hàn pé òòfà nìkan tó láti fa agbo ìràwọ̀ gùn, kó yọ ìrù, kó sì mú méjì di ọ̀kan. Àmọ́ kò fi dandan jẹ́ pé ìdì róbótó yẹn ló máa parí sí. Ìràwọ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ forí gbárí nínú irú ìkọlù bẹ́ẹ̀, torí àlàfo àárín wọn pọ̀ jù. Ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn wa jù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rìn ju ọdún mẹ́rin lọ kó tó dé ibí. Gáàsì ni kò ríbi sá. Ó ń kọlu ara rẹ̀, ó ń pọ̀ sójú kan, ìràwọ̀ tuntun sì ń jáde lára rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú gáàsì yẹn á máa yí, á rọ̀ wálẹ̀ di pẹrẹsẹ, ojú pẹrẹsẹ yìí ni apá tuntun sì máa ń hù sí. Ní 2014, Junko Ueda àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lo ALMA, ẹ̀rọ awò ńlá tó wà ní Chile, pẹ̀lú àwọn mìíràn láti yẹ agbo 37 tó wà ní ìparí ìdàpọ̀ wò. Wọ́n rí gáàsì pẹrẹsẹ tó ń yí lára púpọ̀ nínú wọn. Ìyẹn ni pé àwókù lè di ilé padà.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, kò sì ṣòro fún mi láti gba ìròyìn yìí gbọ́. Ní 1830, nígbà tí ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá sábẹ́ Olúmọ. Aké wá, Òkè-Ọnà wá, Gbágùrá wá, àwọn Òwu sì dé lẹ́yìn wọn. Ìlú kan ni gbogbo wọn dà, àmọ́ ẹ bi ẹnikẹ́ni lónìí ní Abẹ́òkúta, á sọ fún yín ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá, ọba ibẹ̀ ṣì wà lórí ìtẹ́, oríkì wọn kò sì dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ fi mọ ìràwọ̀ tó jẹ́ àlejò nínú Milky Way wa nìyí gan-an. Ẹ̀rọ Gaia tí àjọ òfuurufú Yúróòpù rán lọ sókè ní oṣù kejìlá 2013 wọn ibi tí ìràwọ̀ tó ju bílíọ̀nù kan lọ wà àti bí wọ́n ṣe ń rìn. Ní 2018, ẹgbẹ́ Amina Helmi ní Netherlands àti ti Vasily Belokurov ní Cambridge rí ìràwọ̀ púpọ̀ tí ìrìn wọn kò bá ti àwọn tó kù mu, tí ohun tó wà lára wọn sì yàtọ̀. Agbo kan ni gbogbo wọn ti wá. Milky Way gbà á mọ́ra ní nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, títí di òní ni wọ́n ṣì ń rin ìrìn tí wọ́n bá wá.

Kí ẹni tó bá ra awò yìí má fi mọ sí Andromeda. Ní oṣù karùn-ún, ní bí aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ yí padà sí gúúsù. Tí òjò bá ti rọ̀ lọ́sàn-án, tó fọ eruku kúrò, ẹ ó rí ìdì ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Omega Centauri. Àwọn ará London kò lè rí i láé, abẹ́ ilẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ wa níbí, ó ga dáadáa. Ojú lásán lè kà á sí ìràwọ̀ kan tí kò mọ́lẹ̀ tó. Nínú awò yìí, ó di ìdì róbótó ńlá tó fẹ̀, tó kún fọ́fọ́. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá ìràwọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àárín agbo kékeré kan tí Milky Way ti jẹ tán ni. Ní 2024, wọ́n rí ìràwọ̀ méje nínú rẹ̀ tó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tó ń tọ́ka sí ihò dúdú, ìyẹn ohun tí òòfà rẹ̀ pọ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀, tí ìwúwo rẹ̀ kò dín ní ti oòrùn 8,200. Awò yìí kò lè ya ìràwọ̀ ibẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ó ti rí M32 ní àríwá ní oṣù kọkànlá, ẹ ó rí Omega Centauri ní gúúsù ní oṣù karùn-ún: ohun tó ṣẹ́kù nínú oúnjẹ Andromeda, àti ohun tó ṣẹ́kù nínú oúnjẹ tiwa. Abẹ́òkúta tí a wà yìí dára fún àwọn méjèèjì, ọ̀pọ̀ ibi láyé kò sì ní àǹfààní yẹn.

Àwọn tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi sábà máa ń béèrè bóyá Andromeda ń bọ̀ wá bá wa. Ó ń bọ̀, ní nǹkan bíi kìlómítà 110 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 2012, ohun tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ wí ni pé àwọn méjèèjì á kọlu ara wọn ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún mẹ́rin sí i. Ní 2025, iṣẹ́ tuntun tí Till Sawala ṣáájú rẹ̀ fi hàn pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀, ní ìdajì-ìdajì, láàárín bílíọ̀nù ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa bá láyé nínú wa.

Ní ti àléébù awò náà, mi ò ní bò ó. Okùn ọrùn rẹ̀ kò dáa. Ó tín-ín-rín, ó sì ń gé ọrùn. Mo ti fi aṣọ àdìrẹ kékeré kan tí mo ní láti Ìtòkú rọ́pò ibi tó ń kan ara. Ìdérí gíláàsì iwájú kì í dúró, kò pẹ́ tí ọ̀kan fi jábọ́ sọnù. Rọ́bà ojú ọ̀tún ń tú kúrò tí ooru bá mú. Ẹni tó ń lo awò ìwé lè ká rọ́bà náà sẹ́yìn kó tó wò, ìyẹn ṣiṣẹ́ fún mi.

Èyí tó burú jù nínú wọn ni gbígbọ̀n. Ìlọ́po mẹ́wàá kì í fojú fo ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ká má tilẹ̀ wá sọ ti ọwọ́ tó ti ń po fúláwà láti ìrọ̀lẹ́. M32 kì í hàn rárá tí ìràwọ̀ bá ń jó kiri nínú gíláàsì. Ihò kan wà níwájú, láàárín ojú méjèèjì, tí ìdérí kékeré bò. Ibẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ kámẹ́rà, àmọ́ irin tó ń so méjèèjì pọ̀ kò sí nínú páálí. Ọlọ́jà ní òun kò ní in. Mo gbé e lọ bá wẹ́dà àdúgbò wa, ó tẹ irin pẹlẹbẹ kan sí igun, ó lu ihò méjì sí i, ó gba ₦2,500. Irin yẹn yí awò náà padà. Ẹni tí kò bá ní ẹsẹ̀ kámẹ́rà, kó tẹ́ ẹní sílẹ̀, kó sùn sẹ́yìn, kó gbé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé àyà. Andromeda ga níbí, ẹni tó bá dúró lóòró wò ó, ọrùn á máa ro ó títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ tún ṣọ́ ọ̀rinrin. Ìlú wa gbóná, ọ̀rinrin rẹ̀ sì pọ̀, èéhù sì máa ń hù sórí gíláàsì. Ẹ kó àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà jọ, àwọn tó ń fa omi, kí ẹ kó wọn sínú ike onídèérí pẹ̀lú awò náà. Ẹ má fi etí ìró tàbí ẹ̀wù nu gíláàsì. Eruku fúláwà pọ̀ lọ́dọ̀ mi, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo fi ń gbá a kúrò, mo sì máa ń mí sí i díẹ̀ kí n tó fi aṣọ awò ojú nù ún.

Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, 7 nínú 10 ni. Mo yọ ọ̀kan nítorí okùn àti ìdérí, mo yọ ọ̀kan nítorí irin tí wọn kò fi síbẹ̀, mo yọ ìkẹta nítorí òjìji ojú ọ̀tún yẹn, tó máa ń hàn díẹ̀ tí mo bá ń wo òṣùpá àrànmọ́jú. Tí ó bá jẹ́ ẹyẹ tàbí bọ́ọ̀lù ni ẹ fẹ́ wò, ẹ wá 8x42, ó fúyẹ́ jù ú lọ. Tí ó bá jẹ́ apá tó ń lọ́ ni ẹ fẹ́ fi ojú ara yín rí, ẹ tọ́jú owó fún awò-awọ̀nàjíjìn ńlá, kí ẹ sì wá ibi tó ṣókùnkùn gidi gbé e sí. Fún ẹni tó fẹ́ rí agbo ìràwọ̀ àti èyí tó gbé mì nínú gíláàsì kan ṣoṣo, mi ò tíì rí ohun tó dára jù ú lọ ní iye yìí ní Abẹ́òkúta.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan ti ń wá yá a lọ́wọ́ mi lóròòru. Mo ti bá ọlọ́jà náà sọ ọ́ pé kó bá mi pa ọ̀kan mọ́ fún un, ó gbà láti ta á ní ₦48,000 kan náà, ọmọ náà á sì máa san án díẹ̀díẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó wọlé. Èmi ni n óò bá a yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹnu ọ̀nà.